Ajá Tí Kíndìnrín Rẹ̀ Ń Ṣàìsàn: Omi, Oúnjẹ àti Ìtọ́jú Ilé

Bí ajá bá bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ káàkiri, ohun tó kọ́kọ́ ń wá sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn ni pé omi tó ń mu ti pọ̀ jù. Wọ́n á gbé abọ́ omi kúrò lálẹ́, wọ́n á dín in kù lọ́sàn-án, kí ilẹ̀ lè gbẹ. Bó bá jẹ́ pé kíndìnrín ló ń dà á láàmú, ohun tó burú jù tí wọ́n lè ṣe fún un nìyẹn. Ajá náà kò tọ̀ torí pé ó mumi. Ó ń mumi torí pé omi ń bá ìtọ̀ jáde lára rẹ̀, kò sì lè dá a dúró. Bí a bá gba omi lọ́wọ́ rẹ̀, ìtọ̀ náà kò ní dáwọ́ dúró. Ara rẹ̀ ni yóò gbẹ.

Nínú kíndìnrín ajá kan ṣoṣo, asẹ́ kéékèèké bí 400,000 ló wà, wọ́n kéré débi pé ojú lásán kò lè rí wọn. Ẹ̀jẹ̀ ń gba inú wọn kọjá tọ̀sán-tòru: wọ́n á sẹ́ ìdọ̀tí sínú ìtọ̀, wọ́n á sì fa èyí tó pọ̀ jù nínú omi padà sára. Asẹ́ tó bá kú kì í hù mọ́. Àwọn tó ṣẹ́ kù ni yóò gba iṣẹ́ òkú mọ́ tiwọn, àpọ̀jù iṣẹ́ náà ni yóò sì tún máa pa àwọn náà díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àrùn yìí fi ń bá ìrìn rẹ̀ lọ kódà lẹ́yìn tí ohun tó fà á ti kúrò nílẹ̀. Bí ìdá méjì nínú mẹ́ta asẹ́ bá ti lọ, kíndìnrín kò ní lè fa omi padà bó ṣe yẹ mọ́, ìtọ̀ á sì mọ́ gaara. Bó bá di ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ìdọ̀tí á bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀. Ajá tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé kò jẹun dáadáa lọ́sẹ̀ yìí lè ti ń gbé àìsàn náà kiri láti ọ̀pọ̀ oṣù sẹ́yìn.

Kò sí oògùn tó ń wo àrùn bárakú yìí sàn. Ohun tí ìtọ́jú ń ṣe ni pé ó ń dáàbò bo kíndìnrín tó ṣẹ́ kù, ìdí abọ́ omi àti ìdí ààrò sì ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà wà, ju orí tábìlì dókítà lọ. Ajá tí wọ́n bá tètè rí tirẹ̀ lè lo ọdún kan, méjì, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn àyẹ̀wò, kó ṣì máa gbó mọ́ àlejò lẹ́nu ọ̀nà.

Ọjọ́ ogbó ló ń fa ti ọ̀pọ̀. Ti àwọn mìíràn wá láti inú ìran: Lhasa Apso àti Shih Tzu, àwọn ajá kéékèèké onírun gígùn tí àwọn ará Èkó fẹ́ràn, wà lára èyí tí a lè bí pẹ̀lú kíndìnrín tí kò dàgbà tó, ó sì lè hàn kí ọmọ ajá tó pé ọdún kan. Nílẹ̀ wa níbí, eégbọn kò ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Kòkòrò tí eégbọn ń kó sínú ẹ̀jẹ̀ ajá lè fara pamọ́ síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ìjà tí ara ń bá a jà á sì máa dí ojú asẹ́. Ìtọ̀ eku ń kó leptospirosis ran ajá. Àrùn yẹn ń bá kíndìnrín jà gan-an, ó sì lè ran ènìyàn, nítorí náà ẹ má fi ọwọ́ lásán nu ìtọ̀ ajá tó ń ṣàìsàn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà, ọdọọdún ni wọ́n sì ń tún un gún.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti oògùn. Ajá ń tiro, wọ́n á rán ọmọ sí kẹ́míìsì, ọmọ á ra ibuprofen, diclofenac tàbí piroxicam bọ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́ mọ́ oúnjẹ. Oògùn ìrora ti ènìyàn ni gbogbo wọn. Wọ́n ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sínú kíndìnrín kù, wọ́n sì lè dá egbò tó ń ṣẹ̀jẹ̀ sí inú ajá. Gentamicin, abẹ́rẹ́ tó wà níbi gbogbo, a máa ba kíndìnrín jẹ́ bí wọ́n bá ń gún un léraléra láìṣe àyẹ̀wò. Fún ajá tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń ṣàìsàn, ẹ ka gbogbo wọn sí májèlé. Àgbo tí ẹ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ náà, ẹ má ṣe fún un, torí kíndìnrín aláìsàn yẹn náà ló máa sẹ́ ẹ.

Ẹ lè fi píọ́wọ́tà wọn omi tí ajá yín ń mu. Ọ̀rá kan jẹ́ 50cl. Ajá tí ara rẹ̀ dá kì í sábà mu ju nǹkan bí 60 mílílítà lọ lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n. Bó bá ti kọjá 100, ọ̀rọ̀ ti wà ńlẹ̀. Ajá oníkílò 20 tó ń mu ju ọ̀rá mẹ́rin lọ lójúmọ́ yẹ kó rí dókítà. Ẹ da omi tí ẹ ti wọ̀n sínú abọ́ láàárọ̀, ẹ wọn èyí tó ṣẹ́ kù láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Òùngbẹ nìkan kò tó láti fi dájọ́: àtọ̀gbẹ lè fà á, bẹ́ẹ̀ náà ni ilé ọmọ tó kún fún ọyún lára abo ajá tí wọn kò tíì yọ ilé ọmọ rẹ̀.

Ajá tí wọ́n ń tì mọ́ inú kéèjì lójúmọmọ, tí wọ́n ń tú sílẹ̀ lóru kó máa ṣọ́lé, ló ṣòro jù láti kíyè sí. Abọ́ rọ́bà fẹ́ẹ́rẹ́ á ti dojú dé kí oòrùn tó mú, páànù orí kéèjì á gbóná janjan, kò sì sí ẹni tó máa mọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ lo abọ́ tó wúwo, ẹ gbé méjì síbẹ̀, kí ẹ sì wá ìbòòji fún kéèjì náà.

Nígbà tí ẹ bá ń lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran, ẹ gbé ìtọ̀ àárọ̀ dání. Ẹ ti ìgbákọ mímọ́ sábẹ́ ajá náà bó bá ti ń tọ̀, ẹ da ohun tí ẹ rí sínú ike oníderí, kí ẹ sì tètè gbé e lọ. Wọ́n á wò ó bóyá ó ki tàbí ó ṣàn bí omi lásán, wọ́n á tún wò ó bóyá purotéènì ń jò sínú rẹ̀. Asẹ́ tó ti ń jo purotéènì sábà máa ń tètè bàjẹ́ tán, nítorí náà àyẹ̀wò yẹn kò ṣeé fò. Nínú ẹ̀jẹ̀, creatinine, ọ̀kan lára ìdọ̀tí tó ń kó jọ síbẹ̀, ni wọ́n máa ń wò. IRIS, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹran tó dá lé ọ̀rọ̀ kíndìnrín, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1998, fi í pín àrùn náà sí ìpele mẹ́rin. Fún ajá, bí kò bá tó 1.4 mg/dL, ìpele kìíní ni, 1.4 sí 2.8, ìkejì, 2.9 sí 5.0, ìkẹta, ohun tó bá ju 5.0 lọ, ìkẹrin. Bí ìwé àyẹ̀wò yín bá jẹ́ ti micromole, 125, 250 àti 440 ni ààlà wọn. Ara iṣan ni creatinine ti ń wá, nítorí náà ajá tó ti rù kan eegun lè ní iye tó dára lórí ìwé nígbà tí kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́ jìnnà. Àyẹ̀wò mìíràn tó ń jẹ́ SDMA kì í tètè ṣini lọ́nà bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń tètè rí àrùn náà, níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe é. Yunifásítì Ìbàdàn àti FUNAAB ní Abẹ́òkúta ní ilé ìwòsàn ẹran tó wà fún ìkọ́ni, àwọn tí kò jìnnà síbẹ̀ lè gbé ajá wọn lọ.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló gba sùúrù jù. Ohun tó yẹ ká sá fún jù lọ ni fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, kíndìnrín ló sì ń kó àpọ̀jù rẹ̀ jáde. Bí kò bá lè kó o jáde mọ́, á máa pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ara á máa fa kálísíọ̀mù jáde láti inú eegun, àwọn méjèèjì á sì lẹ̀ mọ́ inú kíndìnrín tó ṣẹ́ kù. Inú eegun sì ni fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì pọ̀ sí jù. Orí adìẹ àti ẹsẹ̀ adìẹ tí a máa ń rà ní pálí fún ajá, eegun ló pọ̀ jù nínú wọn. Orí ẹja, edé àti egungun ẹran tó ṣẹ́ kù nínú àwo náà ń kó o wọlé. Ẹ̀dọ̀ àti wàrà kò gbẹ́yìn. Ó máa ń ṣòro láti wo ajá lójú kí a má sọ eegun sí i, ṣùgbọ́n lára ajá yìí, eegun ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ yọ iyọ̀ àti magí náà kúrò. Àlùbọ́sà kò dára fún ajá kankan, ó ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ajá tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn kò sì ní ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ tó láti fi ṣòfò.

Oúnjẹ pàtàkì tí wọ́n ṣe fún kíndìnrín ti wà tipẹ́. Ní Amẹ́ríkà, Mark Morris, dókítà ẹran kan ní New Jersey, ló se ti àkọ́kọ́ fún Buddy, ajá tó ń ṣamọ̀nà Morris Frank, ọkùnrin afọ́jú kan. Láti 1948 ni ilé iṣẹ́ Hill ní Kansas ti ń ṣe é tà. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2002 láti Yunifásítì Minnesota, wọ́n pín ajá 38 sí ọ̀nà méjì, oúnjẹ kíndìnrín fún àwọn kan, oúnjẹ ajá lásán fún ìyókù. Àwọn tó jẹ oúnjẹ kíndìnrín pẹ́ láyé ju àwọn yòókù lọ dáadáa, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ kò sì tètè dá wọn wó. Kò sí oògùn kan fún àrùn yìí tí mo lè fi ṣáájú oúnjẹ.

Oúnjẹ ilẹ̀ òkèèrè yẹn wọ́n, kì í sì í sí ní gbogbo ọjà. Ẹni tó bá fẹ́ se ti ilé lè bẹ̀rẹ̀ láti orí ìrẹsì funfun, funfun ẹyin sísè, ẹran adìẹ díẹ̀ tí kò léegun, tí a bọ̀, tí a da omi rẹ̀ nù, àti òróró díẹ̀ kó lè fún un lágbára. Ṣùgbọ́n ẹ má dá a ṣe. Ní 2012, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì California ní Davis yẹ 67 ìlànà oúnjẹ ilé fún ajá àti ológbò tí kíndìnrín wọn ń ṣàìsàn wò, kò sì sí ọ̀kan tó pé ní gbogbo ohun tí ara nílò. Kálísíọ̀mù àti fítámì ló sábà ń wọ́n nínú irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀, dókítà ló sì máa sọ iye tí ẹ máa fi kún un. Ẹ má sì yọ purotéènì kúrò pátápátá. Ajá tí kò jẹ purotéènì rárá á fi iṣan ara rẹ̀ jẹun.

Ẹ pààrọ̀ oúnjẹ náà díẹ̀díẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí inú rẹ̀ bá balẹ̀. Ẹ máa wo bó ṣe ń ṣe nídìí àwo. Ajá tí èébì ń gbé máa ń sáré wá nígbà tó bá gbọ́ ìró àwo, á gbóòórùn rẹ̀, á fi ahọ́n lá ètè lẹ́ẹ̀mejì, á gbé itọ́ mì, á sì yíjú padà. Ebi ń pa á. Ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ ló ń rú u nínú. Bí ẹ bá fi tipátipá fún un ní oúnjẹ tuntun ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, á kórìíra rẹ̀ títí láé. Dókítà ní oògùn tó ń dá èébì dúró, bíi maropitant, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ lò ó. Ẹ la ẹnu rẹ̀ wò pẹ̀lú: egbò ẹnu àti èémí tó ń rùn bí ìtọ̀ lè mú kó má jẹun.

Nínú oògùn tí wọ́n máa ń fún wọn, benazepril, enalapril tàbí telmisartan wà fún purotéènì tó ń jò, amlodipine wà fún ẹ̀jẹ̀ ríru, èyí tó lè fọ́ ajá lójú lọ́sàn-án kan òru kan. Aluminium hydroxide ń di fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì mú nínú oúnjẹ, nítorí náà inú oúnjẹ gan-an ni a ń pò ó mọ́. Bí a bá fún un lórí ikùn òfo, kò ní nǹkan tó máa dì mú.

Bí omi ẹnu kò bá tó mọ́, dókítà lè kọ́ yín bí ẹ ṣe máa fún un ní dírípù Ringer's lactate lábẹ́ awọ nílé. Ẹ fi ọ̀rá omi náà sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ gbé e kọ́ sára ìṣó, ẹ fi ìka méjì gbé awọ sókè láàárín èjìká rẹ̀ méjèèjì, kí abẹ́rẹ́ wọ abẹ́ awọ tí ẹ gbé sókè. Ibẹ̀ á wú, á máa rọ̀ wá sí apá, wákàtí mélòó kan lẹ́yìn náà ara á ti fà á tán. Ẹ má fi dírípù onísúgà dípò rẹ̀, ó lè ba awọ jẹ́. Ajá tó ní àrùn ọkàn kò gbọdọ̀ gba omi yìí láìjẹ́ pé dókítà fọwọ́ sí i.

Ní ìpele kìíní àti ìkejì, àyẹ̀wò ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà tó. Ní ìkẹta àti ìkẹrin, ó yẹ kó yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín àyẹ̀wò kan sí èkejì, ẹ máa gbé e sórí ìwọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bó bá dẹ́kun jíjẹun fún ọjọ́ kan gbáko, tó ń bì léraléra, tàbí tí kò tọ̀ rárá, ẹ má dúró de ọjọ́ àyẹ̀wò.

Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Ọjọ́ lè dé tí kò ní jẹun mọ́ pẹ̀lú gbogbo oògùn, tí kò ní lè dìde. Dókítà ní abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń jẹ́ kó sùn lọ láìjẹ̀rora. Ẹ bá a sọ ọ́ kí ọjọ́ náà tó dé, kí àwọn ọmọ inú ilé náà sì mọ̀.

Bí ajá mìíràn bá wà nínú ilé, ẹ yẹ àwọn náà wò. Eégbọn kan náà ló ń jẹ wọ́n, eku kan náà ló ń tọ̀ sí ibi tí wọ́n ti ń mumi. Bó bá sì jẹ́ irú tó ń wá láti inú ìran, ẹ má gbé òbí ajá náà tàbí àwọn tí wọ́n jọ bí fún gígùn mọ́, bó ti wù kí owó tí wọ́n ń fi ọmọ wọn gbà pọ̀ tó.