Orúkọ Inú Àpótí: Títọ Ìran Ìdílé Kan Nínú Ìwé Ṣọ́ọ̀ṣì Abúlé Gẹ̀ẹ́sì

Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí dàbí ẹni pé a yí òwe yìí padà: orúkọ nìkan ni ó kù sí ẹni lọ́wọ́, ilé ni a sì ń wá.

Ní ọdún kan tí mo lò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí ìwádìí lórí ìtàn àròsọ Thomas Hardy, mo wọ̀ sí ilé ọkùnrin kan ní abúlé kan ní ìpínlẹ̀ Dorset. Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì ni. Lára ògiri pálọ̀ rẹ̀ ni ó gbé àtẹ ìran ìdílé rẹ̀ kọ́ sí, èyí tí baba rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Gẹ́gẹ́ bí àtẹ náà ti wí, ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ olówó kan tí ó ní ilẹ̀ tirẹ̀ ni ìdílé náà ti ṣẹ̀. Bàbá olùkọ́ bẹ̀ mí pé kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò kí òun tó fi lé àwọn ọmọ òun lọ́wọ́. Mo rò pé iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni. Oṣù mẹ́ta gbáko ni ó gbà wá.

Ìdí tí a fi kọ ìwé náà

Kí a tó ka ìwé kan bí ó ti yẹ, ó tọ́ kí a bèèrè ẹni tí ó ní kí a kọ ọ́ àti ohun tí ó fẹ́ fi ṣe. Ní ọdún 1538, Thomas Cromwell, tí ń ṣojú Ọba Henry Kẹjọ nínú ọ̀rọ̀ ìjọ, pàṣẹ pé kí ìjọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan tí àlùfáà yóò máa kọ ìsàmì, ìgbéyàwó àti ìsìnkú sí. Ọjọọjọ́ Ìsinmi ni kí ó máa kọ ọ́, níwájú àwọn olùtọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n tì í mọ́ inú àpótí oníkọ́kọ́rọ́ méjì, kí ẹnì kan ṣoṣo má baà lè dá a ṣí. Ní 1598 wọ́n tún pàṣẹ pé kí a da àwọn ìwé bébà àtijọ́ kọ sórí awọ ẹran tí a há, kí a sì máa fi ẹ̀dà ti ọdún kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí bíṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀dà yìí ni ó máa ń yọ olùwádìí nínú ewu níbi tí omi tàbí eku bá ti ba ojúlówó ìwé jẹ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà náà fura pé owó orí tuntun ni ọba fẹ́ fi ìwé yìí gbà. Ìfura wọn kò jìnnà sí òótọ́. Láti 1783 títí di 1794, tọ́rọ́ kan ni ìjọba ń gbà lórí ìsàmì, ìgbéyàwó àti ìsìnkú kọ̀ọ̀kan tí a bá kọ sínú ìwé. Àwọn aláìní nìkan ni kì í san án, lẹ́tà P ni a sì máa ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ wọn. Ṣáájú ìgbà náà, láti 1667, òfin ti pàṣẹ pé aṣọ irun àgùntàn ni kí a fi di òkú, kí òwò irun àgùntàn lè gbèrú. Òfin ti 1678 mú un le sí i: ẹnì kan ní láti búra pé a pa á mọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìtanràn pọ́n-ùn 5 ni. Nítorí náà, ìwé tí a ń kà lónìí bí ìwé ìrántí, ìwé àṣẹ, ìwé owó àti ìwé ìṣọ́ni ni ó jẹ́ fún àwọn tí ó kọ ọ́. Kò sí ẹni tí ó kọ ọ́ nítorí àwa ọmọ ẹ̀yìn.

Èyí ni ó fà á tí ohun tí ó sọ fi kéré. Ọjọ́ ìsàmì ni ó sọ, kì í ṣe ọjọ́ ìbí. Ọjọ́ ìsìnkú ni ó sọ, kì í ṣe ọjọ́ ikú. Àwọn tí kò bá ìjọ ọba jọ́sìn, bí àwọn Quaker àti àwọn Onítẹ̀bọmi, lè wà ní abúlé fún ọgọ́rùn-ún ọdún kí orúkọ wọn má fi bẹ́ẹ̀ hàn nínú rẹ̀.

Bí a ṣe ń rìn padà

Òfin kìíní nínú iṣẹ́ yìí ni pé kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó dá wa lójú, kí a máa fi ẹ̀yìn rìn lọ sí ibi tí kò dá wa lójú. Láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1837 ni ìjọba ti ń kọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales. Ìkànìyàn ti 1851 sì sọ ọjọ́ orí ẹnì kọ̀ọ̀kan, bí ó ṣe jẹ́ sí olórí ilé, àti ìjọ tí a bí i sí. Ìwọ̀nyí ni àtẹ̀gùn tí a fi ń sọ̀ kalẹ̀ sínú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì.

Bí a bá ti wọ inú rẹ̀, ọdún 1813 ni ìlẹ̀kùn àkọ́kọ́. Láti ọdún náà ni òfin ti fún àlùfáà ní ìwé tí a ti tẹ ìlà sí: orúkọ baba àti ìyá, ibùgbé wọn àti iṣẹ́ baba ni a ń kọ níbi ìsàmì, ọjọ́ orí òkú ni a sì ń kọ níbi ìsìnkú. Ṣáájú rẹ̀, ọwọ́ àlùfáà ni ó kù sí. Òmíràn a kọ orúkọ baba nìkan, bí ẹni pé kò sí obìnrin nílé nígbà tí a bí ọmọ. Ìlẹ̀kùn kejì ni 1754, nígbà tí òfin ìgbéyàwó ti 1753 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: ọkọ, ìyàwó àti ẹlẹ́rìí ní láti fọwọ́ sí ìwé, ẹni tí kò mọ̀wé kọ a sì fa àgbélébùú kékeré sí i.

Kàlẹ́ńdà pẹ̀lú ní ọgbọ́n tirẹ̀. Títí di 1751, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kẹta ni ọdún tuntun ń bẹ̀rẹ̀ nínú ìwé àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Bí tọkọtaya kan bá gbéyàwó ní oṣù kẹfà 1720, tí a sì kọ ọ́ pé a sàmì sí ọmọ wọn ní oṣù kejì 1720, aláìmọ̀ yóò sọ pé wọ́n ti bí ọmọ náà kí wọ́n tó gbéyàwó. Irọ́ ni. Oṣù kejì náà ni àwa ń pè ní oṣù kejì 1721, oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn ìgbéyàwó. Bí a ti ń ba obìnrin lórúkọ jẹ́ nìyẹn, ọ̀tàlérúgba ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn ikú rẹ̀.

John méjì

Ọkùnrin tí ó wà ní orígun àtẹ Bàbá olùkọ́, John ni ẹ jẹ́ kí a máa pè é, nítorí orúkọ náà kò wọ́n ní abúlé kankan nígbà náà. Alágbàṣe oko ni. Ó gbéyàwó ní 1791, àgbélébùú ni ó fà sí ìwé. A sin ín ní 1829, ìwé sì sọ pé ẹni ọdún 61 ni. Èyí fi hàn pé nǹkan bí 1768 ni a bí i. Àtẹ náà sọ ọ́ di ọmọ àgbẹ̀ olówó, ẹni tí ó sàmì sí ọmọ kan tí ń jẹ́ John ní 1766. Ọjọ́ orí inú ìwé ìsìnkú kì í sábà pé pérépéré, nítorí náà ọdún méjì kò pọ̀ jù. Èmi fúnra mi bá a yọ̀. Mo sọ fún un pé iṣẹ́ baba rẹ̀ dára.

Ohun kan ni ó ṣẹ́ kù tí kò jẹ́ kí n sùn. Báwo ni ọmọ àgbẹ̀ onílẹ̀ ṣe di alágbàṣe tí kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀? Òfin kejì nínú iṣẹ́ yìí ni pé, bí a bá ti rí ẹni tí a ń wá nínú ìwé ìsàmì, kí a lọ wá a nínú ìwé ìsìnkú, kí a lè mọ̀ bóyá ó tilẹ̀ dàgbà. Mo padà lọ. Ní 1769, nínú ìlà kan tí tádàwà rẹ̀ ti ṣá, mo rí i pé a sin John, ọmọ àgbẹ̀ náà, ọmọ ọwọ́. Ọmọdé tí ó kú kò lè gbéyàwó ní 1791.

A tún ìwé ìsàmì ṣí. Ní 1768, a rí John mìíràn tí orúkọ ìdílé rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Àlùfáà kò kọ orúkọ baba. Orúkọ ìyá nìkan ni ó kọ, ó sì fi ọ̀rọ̀ kan sí i tí ó fi hàn pé a bí ọmọ náà láìgbéyàwó. Ìlà yìí kò fara pamọ́. Ẹni tí ó kọ àtẹ ara ògiri ní láti kà á kọjá kí ó tó wá àmì sí ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó kankan ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Bàbá olùkọ́ jẹ́wọ́ pé òun náà ti rí i rí. Kò kà á sí nítorí kò jọ ohun tí òun ń wá.

Ohùn obìnrin náà

Àpótí ṣọ́ọ̀ṣì ní ju ìwé ìsàmì lọ nínú. Ìjọ abúlé ni ó ń bọ́ àwọn aláìní rẹ̀, owó tí a ń gbà lọ́wọ́ onílé ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Lábẹ́ òfin ìgbà náà, ọmọ tí a bí láìgbéyàwó lè di ẹrù ìjọ. Nítorí náà, láti 1733, bí obìnrin tí kò lọ́kọ bá lóyún tí ó sì búra dárúkọ ọkùnrin tí ó fún un lóyún, wọ́n lè mú ọkùnrin náà títí yóò fi ṣe onígbọ̀wọ́ fún owó ìtọ́jú ọmọ. Ìwé ìbúra báyìí ni a rí. Obìnrin náà sọ pé ọmọ-ọ̀dọ̀ ni òun, ó sọ ilé tí òun ti ń sìn, ó sì dárúkọ gbẹ́nàgbẹ́nà kan láti abúlé kejì. Akọ̀wé ni ó kọ gbogbo rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ó ti ọwọ́ obìnrin náà wá ni àgbélébùú wíwọ́ kan ní ìsàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ro èyí wò. Ìyàwó àgbẹ̀ olówó, ẹni iyì ni, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ nìkan ni ìwé pa mọ́ fún wa. Ọmọ-ọ̀dọ̀ yìí, tí a mú wá síwájú adájọ́ kí a lè dín ìnáwó abúlé kù, ni a mọ iṣẹ́ rẹ̀, ilé ọ̀gá rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tí ó sọ. Ìwé tí a fi dójú tì í ni ó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí a sin ín ní 1787, lẹ́tà P wà ní ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé aláìní ni títí dé òpin. Ó sì lè jẹ́ pé àlùfáà ni ó ṣàánú, kí ẹbí rẹ̀ má baà san tọ́rọ́. Ìwé kò sọ, èmi náà kò gbọ́dọ̀ fi tèmi kún un.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé Tess of the d'Urbervilles, tí ó jáde ní 1891, Hardy jẹ́ kí àlùfáà kan sọ fún tálákà kan pé ìran àwọn ọlọ́lá àtijọ́ ni ó ti wá. Ìròyìn yìí gun ọkùnrin náà lórí, ọmọbìnrin rẹ̀ ni ó sì jìyà rẹ̀. Mo ti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé yìí fún ọdún púpọ̀ kí n tó mọ̀ pé òdìkejì ìtàn náà wà nínú ayé pẹ̀lú: kí a gba ọlá kúrò lọ́wọ́ ènìyàn, kí a sì fún un ní ìyá.

Àgbálọgbábọ̀

Lónìí, ọ̀pọ̀ ìwé wọ̀nyí ti kúrò nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Láti ìgbà tí ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe òfin lórí rẹ̀ ní 1978, ilé ìpamọ́ ìwé ti agbègbè ni a ń kó èyí tí ó bá ti gbó púpọ̀ lọ, ènìyàn sì lè jókòó sílé kí ó máa wo àwòrán rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Èyí dára, ṣùgbọ́n ó ní ewu. Kọ̀ǹpútà yóò bá ọ wá gbogbo John ní ìṣẹ́jú kan. Kò ní sọ èyí tí ó kú ní ọmọ ọwọ́ fún ọ.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá nílé. Irú ìwé kan náà ni àwọn àlùfáà C.M.S. mú wá sí ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí a sàmì sí ìyá Àjàyí Crowther ní Abẹ́òkúta ní 1848, Hannah ni orúkọ tí a fún un. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ tọ ìran tirẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbàgbé láti bèèrè orúkọ tí ènìyàn ń jẹ́ kí ó tó dé ibi omi, lẹ́nu àwọn àgbà àti nínú oríkì.

Bàbá olùkọ́ kò sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Àtẹ náà kúrò lára ògiri. Nígbà tí mo ń palẹ̀ ẹrù mọ́, ó pè mí wá wo ohun kan nínú ìwé ìsàmì tí òun ti dà kọ. John tí ó gbéyàwó ní 1791 sàmì sí ọmọbìnrin rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Orúkọ ọmọ-ọ̀dọ̀ náà ni ó fún un. Ọdún márùn-ún ni ìyá náà ti wà nínú ilẹ̀. Orúkọ kan náà lásán kò tó ẹ̀rí láti fi dájọ́, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n ó bá gbogbo ẹ̀rí yòókù mu. Alágbàṣe tí kò mọ̀wé yìí ti wo ilé rẹ̀ kí ó tó sọ ọmọ lórúkọ.