Ṣóòkì ìbọn: èyí tó fún jù kọ́ ló dáa jù

Lọ́dún 2024, nígbà tí Vincent Hancock ará Amẹ́ríkà gba àmì ẹ̀yẹ góòlù ẹlẹ́ẹ̀kẹrin rẹ̀ nínú ìdíje skeet ní Olympics Paris, ohun tí ọ̀pọ̀ rí ni pé ó ń yìnbọn, àwo amọ̀ sì ń fọ́ lójú òfuurufú. Nǹkan kan wà lẹ́nu irú ìbọn yẹn tí kì í hàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Ṣóòkì ni wọ́n ń pè é.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ìbọn yìí kì í yọ ọta kan ṣoṣo. Ọta wẹ́wẹ́ ló kún inú kàtíríìjì rẹ̀, ti àwọn tó ń yìnbọn sáwo amọ̀ lè lé ní igba. Bí wọ́n ṣe ń jáde ni wọ́n ń fọ́nká. Ṣóòkì ni ibi tí ihò ìbọn ti fún díẹ̀ lẹ́nu, òun ló ń kó ọta jọ kó má tètè fọ́nká.

Fífún ọ̀hún ò tó nǹkan. Ihò ìbọn 12-gauge fẹ̀ tó mílímítà 18 ààbọ̀, èyí tó fún gan-an, ìyẹn full, sì fi bíi mílímítà 1 péré dín in kù. Àmọ́ ẹ wo iṣẹ́ tó ń ṣe. Tí èèyàn bá yìnbọn láti 40 yáàdì sí àmì roboto tó fẹ̀ ní ínǹṣì 30, cylinder, tí kò fún rárá, máa ń kó bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ọta sínú rẹ̀. Improved cylinder á kó 50, modified 60, full 70.

Àwọn kan á ní, ṣé ká kúkú ra full? Rárá o. Nínú skeet, bíi 21 yáàdì ni àwo ń gbà kọjá. Full á kó ọta jọ débi pé ẹni tó bá ṣì í díẹ̀, ó ti tàsé. Ti trap yàtọ̀: àwo ń sá lọ ni, ó sábà máa ń lé ní 30 yáàdì kí ọta tó bá a, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo modified tàbí full.

Ọ̀rọ̀ ẹyẹ ló gba àròjinlẹ̀ jù, torí àwo kì í jẹ̀rora. Àparò máa ń lúgọ títí ọdẹ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kó tó fò pìrì. Ẹni tó bá fi full yìn ín ní 15 yáàdì, òjé ló máa jẹ, kì í ṣe ẹran. Improved cylinder ló bá a mu. Awó tí ọdẹ ti ń lé tipẹ́ kì í jẹ́ kéèyàn sún mọ́ òun, modified ló yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n kéèyàn máa fi ẹnu tó ṣí yìn ín lókèèrè, ọta kan tàbí méjì lásán ló máa bà á, á fò lọ kú sínú igbó, ẹnikẹ́ni ò ní jẹ ẹ́. Ó sàn kó má yìn ín rárá. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ọdẹ ẹyẹ ní Amẹ́ríkà, tó ń lo ìbọn ẹlẹ́nu méjì, fi ń fi improved cylinder sí ẹnu àkọ́yìn, modified sí èkejì: tí àkọ́kọ́ bá tàsé, ẹyẹ ti jìnnà sí i.

Ọta irin tún yàtọ̀ sí òjé. Kì í tẹ̀, nítorí náà ó máa ń wà pa pọ̀ ju òjé lọ. Modified pẹ̀lú ọta irin fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe bíi full, ẹ má sì yìn ín gba inú full àyàfi tí ẹni tó ṣe ìbọn bá ní ó gbà á.

Ẹ yọ kàtíríìjì kúrò kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ẹnu ìbọn. Ẹ má sì ní kí ẹnikẹ́ni gé ẹnu ìbọn àtijọ́ kúrú: ibẹ̀ gan-an ni ṣóòkì rẹ̀ wà. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìwé àṣẹ, ẹ gbé páálí ńlá kọ́ síbi tí kò séwu, kẹ́ ẹ yìn ín láti ibi tí ẹyẹ yín sábà máa ń wà, kẹ́ ẹ wá ka ihò tó wà lára rẹ̀.