Búrẹ́dì tí ẹ ṣe nílé dùn, ṣùgbọ́n ẹ ṣírò owó rẹ̀ kí ẹ tó tà á

Òórùn búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde láti inú ààrò kì í gbé inú ilé kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn tó kàn ń ṣe é fún ìdílé wọn fi ń rí oníbàárà láàárín àdúgbò. Ẹni tó ṣe é nílé mọ iye ṣúgà tó fi sí i, ó sì mọ̀ pé òun kò fi bromate sí i, èròjà tí àjọ NAFDAC ti fòfin dè nítorí ewu àrùn jẹjẹrẹ. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ló ń ta búrẹ́dì tó dùn yìí ládànù, nítorí wọn kì í ṣírò iye tó ná wọn.

Òwò náà ti pẹ́ nílẹ̀ yìí. Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà tó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Nàìjíríà ní ọdún 1913, ló wá dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Ẹ̀búté-Mẹ́ta. Ẹ̀rọ ni àwọn ilé búrẹ́dì ńlá fi ń tẹ fúláwà tí wọ́n pò. Nínú ilé, ọwọ́ ló ń ṣe é, fún bíi ìṣẹ́jú 15.

Bí ìṣirò rẹ̀ ṣe lọ nìyí. Ẹ mú fúláwà kílò 1, omi gíráàmù 550, ṣúgà 100, bọ́tà 50, iyọ̀ 15 àti íìsì 10. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 1,725. Bí ẹ bá gé e sí mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan á jẹ́ 575. Ooru ààrò á fa bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá gbẹ, búrẹ́dì kan á wá ku bíi ìdajì kílò. Nítorí náà, àpò fúláwà kílò 50 á mú 150 búrẹ́dì jáde.

Ẹ pín iye tí ẹ ra àpò náà sí 150, owó fúláwà inú búrẹ́dì kan nìyẹn. Ẹ wá fi owó èròjà yòókù kún un. Àwọn ohun tí wọ́n sábà máa ń gbàgbé ni gáàsì, láílọ́ọ̀nù, owó ọkọ̀, èyí tó jóná àti owó iṣẹ́ ọwọ́ ara wọn.

Ẹ má ṣe wo iye tí aládùúgbò ń tà kí ẹ tó dá iye tiyín. Òkè òkun ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àlìkámà tí wọ́n fi ń ṣe fúláwà ti ń wá, ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ fi gbéra nígbà tí náírà já wálẹ̀ ní ọdún 2023. Ẹ tún ìṣirò yín ṣe nígbàkígbà tí ẹ bá ra àpò tuntun.

Búrẹ́dì tí kò ní èròjà amóúnjẹpẹ́ kì í sábà kọjá ọjọ́ mẹ́ta, nítorí náà, ẹ gba owó ṣáájú kí ẹ tó ṣe é. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ kọ́kọ́ gba nọ́ńbà NAFDAC. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.