Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Kí ló ń dùn mọ́ olùtọ́jú dátábéèsì, kí ló sì ń bí i nínú?

Ta ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ owó oṣù àti ọjà fáwọn iléeṣẹ́ Ọba Akran àti Agídìngbì n'Ìkẹjà? Òun là ń sọ.

1. Ààyò rẹ̀ ni SQL, èdè tí wọ́n fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀, tí iléeṣẹ́ IBM gbé jáde lọ́dún 1974. Ìlà kan péré, orúkọ gbogbo oníbàárà tó jẹ gbèsè ti jáde.

2. Ọ̀fẹ́ ni PostgreSQL, ètò dátábéèsì tó ń lo SQL. Kọ̀ǹpútà àlòkù láti Computer Village gbé e dáadáa.

3. Bíná bá lọ lójijì l'Agége ńkọ́? PostgreSQL máa ń kọ iṣẹ́ sílẹ̀ kó tó sọ pé òun ti ṣe é. Bíná bá dé, olùtọ́jú á bá iṣẹ́ náà níbẹ̀.

4. Ohun tó ń bí i nínú: SQL kì í béèrè pé "ṣó dá yín lójú?" Ẹ kọ DELETE (àṣẹ ìparẹ́), kẹ́ ẹ gbàgbé WHERE tó ń sọ èyí tẹ́ ẹ fẹ́ pa rẹ́, gbogbo oníbàárà ti pa rẹ́ nìyẹn.

5. Lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2017, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà GitLab kan ṣèèṣì pa dátábéèsì wọn rẹ́. Dátà bíi wákàtí 6 ló ṣòfò, torí ọ̀pọ̀ ètò ẹ̀dà tí wọ́n gbójú lé ni kò ṣiṣẹ́.

Ẹ kọ BEGIN kẹ́ ẹ tó kọ DELETE. Bẹ́ ẹ bá ṣì í, ROLLBACK á dá ohun tẹ́ ẹ pa rẹ́ padà. Kẹ́ ẹ sì máa dán ẹ̀dà yín wò.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ yín tó ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà!