Alásè Ló Gbé E Wọlé

Bíbélì kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 9:20-23; Éfésù 5:11-12

  Ọ̀rọ̀ tòní dá lórí ohun tí à ń kà nígbà tí kò sí ẹlòmíràn lọ́dọ̀ wa, àti ohun tí à ń sọ bí wọ́n bá ká a mọ́ wa lọ́wọ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Amẹ́ríkà ni ó máa ń rántí ọdún 1950 sí 1959 gẹ́gẹ́ bí ìgbà ìwà mímọ́. Wọ́n rí nǹkan tọ́ka sí. Ààrẹ Eisenhower ṣe ìrìbọmi ní oṣù Kejì ọdún 1953, kò tíì pẹ́ tó gorí oyè. Ní 1954, wọ́n fi gbólóhùn "lábẹ́ Ọlọ́run" kún ẹ̀jẹ́ tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń jẹ́ fún àsíá ilẹ̀ wọn. Ní 1956, wọ́n fi òfin sọ ọ́ di àkọmọ̀nà orílẹ̀-èdè pé Ọlọ́run ni àwọn gbẹ́kẹ̀ lé. Láti 1934 ni àwọn tó ń ṣe sinimá ti ń tẹ̀lé ìlànà tó ká wọn lọ́wọ́ kò lórí ìṣekúṣe. Nígbà tí òṣèrébìnrin Lucille Ball lóyún, tí wọ́n sì fi oyún náà sínú eré orí tẹlifíṣọ̀n tí à ń pè ní I Love Lucy ní oṣù Kejìlá 1952, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kò gbà kí wọ́n pe oyún ní oyún lẹ́nu. Àlùfáà Kátólíìkì kan, òjíṣẹ́ ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì kan àti rábì àwọn Júù kan ni wọ́n bẹ̀ láti yẹ ọ̀rọ̀ inú eré náà wò, kí ó má baà sí ohun tí yóò kọ ẹnikẹ́ni lára.

Ẹ wá wò ó. Oṣù Kejìlá 1952 yẹn kan náà ni ó wà lára ẹ̀dà àkọ́kọ́ ìwé ìròyìn kan tí wọ́n ń gbé jáde láti New York. Confidential ni orúkọ rẹ̀, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ àṣírí. Robert Harrison ló ni ín. Kí ó tó dé ìdí èyí, ìwé tó kún fún àwòrán obìnrin tí aṣọ ara wọn kò tó nǹkan ni ó ń tà. Ṣùgbọ́n ní 1951 ó kíyè sí bí àìmọye ènìyàn ṣe jókòó ti tẹlifíṣọ̀n láti wo ìgbìmọ̀ Sẹ́nétọ̀ Kefauver, tó ń tú àṣírí àwọn ọ̀gá jàǹdùkú. Ó dà bí ẹni pé ibẹ̀ ni ó ti yé e pé ẹni tí ojú ń tì láti wo ìdọ̀tí kò ní tijú mọ́, bí a bá ti lè sọ fún un pé ìwádìí òtítọ́ ni òun ń wò.

Ohun tó tà fún wọn nìyẹn. Ó kọ ọ́ sára ìwé náà pé òtítọ́ ni òun ń sọ, òun sì ń dárúkọ. Ó ń sanwó fún àwọn òṣìṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ aládàáni àti àwọn aṣẹ́wó, kí wọ́n lè tú àṣírí iyàrá àwọn òṣèré sinimá fún un. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù méjì ni ó ń jáde, sẹ́ǹtì 25 ni owó rẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1955, iye tí wọ́n ń tà nínú ẹ̀dà kan ti lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin.

Ta ni àwọn tó ń rà á? Kò lè jẹ́ pé aláìgbàgbọ́ ni gbogbo wọn, ní ilẹ̀ tí ìjọ ń kún tó báyẹn. Wọ́n ní òṣèré Humphrey Bogart máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò sí ẹni tí kì í ka ìwé náà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bá a nílé wọn, wọn yóò ní alásè ló gbé e wọlé.

Ní oṣù Kẹjọ 1957, ìjọba ìpínlẹ̀ California gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́ ní Los Angeles. Òṣèré Maureen O'Hara jẹ́rìí pé ní àkókò tí wọ́n ní òun hu ìwà àìtọ́ nínú ilé sinimá kan, òun kò sí ní Amẹ́ríkà rárá. Dorothy Dandridge, òṣèrébìnrin aláwọ̀ dúdú, sọ pé ìtàn tí wọ́n kọ nípa òun àti ọkùnrin aláwọ̀ funfun kan lẹ́bàá adágún omi Tahoe kò lè ṣẹlẹ̀, nítorí ẹ̀tanú ibẹ̀ kò jẹ́ kí ènìyàn dúdú rìn fàlàlà nígbà náà. Wọ́n ka àwọn ìtàn inú ìwé náà sókè ketekete níwájú adájọ́. Kí ni àwọn ìwé ìròyìn ọmọlúàbí ṣe? Wọ́n gbé e jáde lójoojúmọ́, wọ́n sì pè é ní ìròyìn ilé ẹjọ́. Àwọn ìgbìmọ̀ adájọ́ jókòó fún ọ̀sẹ̀ méjì, ohùn wọn kò ṣọ̀kan. Nígbẹ̀yìn, Harrison ṣèlérí pé òun yóò jáwọ́ nínú títú ìdí iyàrá àwọn òṣèré. Ní 1958 ó ta ìwé náà.

Ní àárín ìgbà yẹn kan náà, láti oṣù Karùn-ún títí di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹsàn-án 1957, Billy Graham ń wàásù ní New York, ìlú tí wọ́n ti ń gbé Confidential jáde. Bí a bá ka iye àwọn tó wá lálaalẹ́ pọ̀, ó lé ní mílíọ̀nù méjì. N kò sọ èyí láti fi ìsìn ṣẹ̀fẹ̀. Mo sọ ọ́ kí á lè mọ̀ pé ọkàn kan náà lè fẹ́ méjèèjì.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí á lọ sínú àgọ́ Nóà. Bàbá mutí yó, ó sì tú ara rẹ̀ sí ìhòòhò. Hámù rí i, ó sì jáde lọ sọ fún àwọn arákùnrin rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé Hámù kò purọ́. Òtítọ́ pọ́ńbélé ni ó sọ! Ṣùgbọ́n Ṣémù àti Jáfẹ́tì gbé aṣọ lé èjìká, wọ́n fi ẹ̀yìn rìn wọlé, wọ́n bo bàbá wọn, ojú wọn kò sì rí ìhòòhò rẹ̀. Gbogbo ohun tí ojú rí kọ́ ni ẹnu ń sọ.

Òfin California ìgbà náà pàápàá mọ èyí. Ní ẹjọ́ ọ̀daràn lórí ìbanilórúkọjẹ́ nígbà náà, kò tó kí ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ sọ pé òtítọ́ ni òun kọ. Ó tún gbọ́dọ̀ hàn pé èrò rere àti ìdí tó tọ́ ni òun fi kọ ọ́. Bí òfin ènìyàn bá lè béèrè èrò ọkàn, mélòó mélòó ni Ẹni tó dá ọkàn?

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ra ìwé ìròyìn kan nítorí pé ìṣubú òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan wà lójú ewé iwájú. Mo ká a sínú ìwé orin mi. Nígbà tí ìyàwó mi rí i, mo ní mo fẹ́ fi múra ìwàásù ni. N kò wàásù kankan nínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á! Alásè tèmi nìyẹn.

Àwa ilé ìjọ ní alásè púpọ̀. "Ẹ jẹ́ kí á gbàdúrà fún arábìnrin wa o," a ó sì ro ẹjọ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí á tó di ojú. "Kí ẹ lè ṣọ́ra ni mo fi fi ránṣẹ́," a ó sì ti fi fídíò ìhòòhò ọmọ ọlọ́mọ ránṣẹ́ sí ogún ènìyàn lórí fóònù. Àwọn àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un. Harrison gbé epo lájà. Mílíọ̀nù mẹ́rin ènìyàn ni wọ́n gbà á sílẹ̀.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kí á bo ọ̀daràn mọ́lẹ̀. Bí ẹnìkan bá ń fìyà jẹ ọmọdé, tàbí tó ń fipá bá obìnrin lò, ìkà ni ẹni tó bá dákẹ́. Kí á kígbe, kí á lọ bá ẹni tó lè dá a dúró. Pọ́ọ̀lù sọ fún àwọn ará Éfésù pé kí wọ́n bá iṣẹ́ òkùnkùn wí. Ṣùgbọ́n nínú ẹsẹ tó tẹ̀ lé e, ó ní ìtìjú ni láti máa fẹnu ba ohun tí wọ́n ń ṣe ní ìkọ̀kọ̀. Ẹni tó ń bá ẹ̀ṣẹ̀ wí ń fẹ́ kí ó dópin. Ẹni tó ń fi ẹ̀ṣẹ̀ najú ń retí ẹ̀dà tó ń bọ̀.

Nítorí náà, kí á tó ṣí i, kí á tó kà á, kí á tó fi ránṣẹ́, kí á bi ara wa: bí ẹni yìí bá ronú pìwà dà lónìí tí ìtàn náà sì parí, ṣé inú mi yóò dùn, àbí yóò dùn mí pé kò sí ohun tí n ó kà mọ́?

Àdúrà: Bàbá wa ọ̀run, ìwọ ni ó rí iyàrá ọkàn wa. Dárí ẹ̀ṣẹ̀ ojú wa àti ti etí wa jì wá. Gba ìwé tí a ká pamọ́ lọ́wọ́ wa, kí o sì fi aṣọ Ṣémù àti Jáfẹ́tì lé wa léjìká. Ní orúkọ Jésù Olúwa wa. Àmín.