Tẹ́tẹ́ inú fóònù: Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á láàyè, ṣùgbọ́n ọgbà ni wọ́n ń sọ yí i ká

Àwọn àgbà tó ti ta pọ́ọ̀lù rí yóò rántí pé bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ta á. Ẹni tí kò dé Èkó rí lè máa ka orúkọ àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Liverpool àti Manchester bí ẹní ń ka orúkọ ará ilé rẹ̀. Síbẹ̀, ó di ọjọ́ Sátidé kó tó mọ̀ bóyá òun jẹ tàbí òun kò jẹ. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló wà láàárín, ààyè sì wà fún un láti tún inú rò, tàbí kí ìyàwó rẹ̀ bá a wí.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà lónìí, tẹ́tẹ́ tó gbòde kì í dúró de Sátidé. Inú fóònù ló wà. Ní aago méjì òru, èèyàn lè dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì kó máa ta á. Ilé tẹ́tẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n ń pè ní kàsínò, kì í ti ilẹ̀kùn, òfin sì gbà á láàyè. Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti fi ibẹ̀ ṣe ilé, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti òyìnbó nìkan.

Ìwé àṣẹ kọ́kọ́ dé

Òfin tẹ́tẹ́ tí wọ́n ṣe lọ́dún 2005, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní kíkún ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2007, ló gbé àjọ Gambling Commission kalẹ̀. Birmingham ni olú ilé iṣẹ́ àjọ náà wà, òun ló sì ń fún àwọn ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ ní ìwé àṣẹ ní England, Scotland àti Wales.

Níbẹ̀rẹ̀, ilé iṣẹ́ tó fìdí kalẹ̀ sí Gibraltar lè máa bá àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ta tẹ́tẹ́ láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ náà. Òfin ọdún 2014 ló fòpin sí èyí. Ibi yòówù kí ilé iṣẹ́ wà, bí oníbàárà rẹ̀ bá ti wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dandan ni kó gba ìwé àṣẹ. Ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18 kò sì gbọ́dọ̀ ta á.

Ìwé àṣẹ nìkan kò tó

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Lọ́dún 2017, ọ̀dọ́kùnrin kan láti Sheffield, ọmọ ọdún 24, gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Vietnam níbi tó ti ń ṣe olùkọ́. Kò tíì pé ọmọ ọdún 18 nígbà tó ti bẹ̀rẹ̀ tẹ́tẹ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, aṣojú ìjọba tó ń wádìí ikú sọ pé tẹ́tẹ́ wà lára ohun tó fa ikú náà, àti pé ìkìlọ̀ àti ìtọ́jú tó wà nílẹ̀ nígbà náà kò tó. Àwọn òbí rẹ̀ wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ Gambling with Lives sílẹ̀, kí irú rẹ̀ má bàa ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ẹlòmíràn.

Ní oṣù kẹta ọdún 2023, àjọ náà ní kí àwọn ilé iṣẹ́ mẹ́ta tó wà lábẹ́ William Hill san mílíọ̀nù 19.2 pọ́n-ùn. Lára ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn wọ́n ni pé oníbàárà kan ṣí àkáǹtì tuntun, ó sì ná 23,000 pọ́n-ùn láàárín 20 ìṣẹ́jú, láìsí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ilé iṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ ni o.

Ọgbà lórí ọgbà

Láti oṣù kẹrin ọdún 2020, wọn kò gbọ́dọ̀ fi káàdì ìrajà-láwìn ta tẹ́tẹ́ mọ́, nítorí pé gbèsè ni ọ̀pọ̀ ń jẹ sọ́rùn. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2021, kàlòkàlò orí íńtánẹ́ẹ̀tì kò gbọ́dọ̀ yí lẹ́ẹ̀kan kó tó di ìṣẹ́jú àáyá méjì ààbọ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, wọ́n fi gbèdéke 5 pọ́n-ùn sí owó tí èèyàn lè fi ta á lẹ́ẹ̀kan. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n sọ ọ́ di 2 pọ́n-ùn fún àwọn ọmọ ọdún 18 sí 24.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ wò. Bí kàlòkàlò bá ń yí ní ìṣẹ́jú àáyá méjì ààbọ̀, ìgbà 24 ni yóò yí láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá jẹ́ 5 pọ́n-ùn nígbà kọ̀ọ̀kan, 120 pọ́n-ùn lèèyàn lè fi ta á kó tó mu omi tán nínú ife, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ lè padà wálé. Ọgbà náà wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì láyè.

Ìjọba fúnra rẹ̀ ń rí owó orí gbà níbẹ̀. Àmọ́ láti oṣù kẹrin ọdún 2025, wọ́n ti sọ ọ́ di dandan fún àwọn ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ láti máa dá owó fún ìtọ́jú, ìdènà àti ìwádìí. Tẹ́lẹ̀, ohun tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń mú wá.

Ẹni tó bá fẹ́ jáwọ́

Ètò kan wà tó ń jẹ́ GAMSTOP, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ ti fọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, ọdún kan tàbí ọdún márùn-ún. Gbogbo ilé tẹ́tẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ní ìwé àṣẹ ló gbọ́dọ̀ kọ̀ fún un. Bó bá yí ọkàn padà kí àsìkò náà tó pé, wọn kò ní ṣí i. Àwọn báńkì kan náà máa ń dí ọ̀nà owó tẹ́tẹ́ bí oníbàárà bá ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ètò ìlera ìjọba, NHS, sì ní ilé ìtọ́jú fún àwọn tí tẹ́tẹ́ ti di àìsàn sí lára.

Ibi tí ewu ṣì wà ni ti àwọn ilé tẹ́tẹ́ tí kò ní ìwé àṣẹ. Àwọn tó ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ara wọn gan-an ni àwọn kan nínú wọn ń wá kiri, tí wọ́n ń polówó pé ọ̀dọ̀ àwọn kò sí GAMSTOP. Bí wọ́n bá jẹ owó èèyàn mọ́lẹ̀, àjọ kankan kò sí tí yóò bá a gbà á.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà níbẹ̀, bí ẹni tí kì í yá owó tẹ́lẹ̀ bá dédé ń yá kiri, tí kì í sùn lóru, tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí fóònù rẹ̀, ẹ má fi èébú ṣáájú. Ẹ fi pẹ̀lẹ́ bi í, kí ẹ sì sọ fún un pé ìtọ́jú wà. Ìtìjú ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wọn sọ̀rọ̀ títí gbèsè fi wọ̀ wọ́n lọ́rùn, bẹ́ẹ̀ gbèsè ṣeé san, ẹ̀mí tó bá lọ kì í padà.