Bí Kóòdù Tuntun Ṣe Ń Dé Orí Fóònù Ará Adja-Ouèrè

Lọ́jọ́ tí èsì ìdánwò BAC bá jáde ní orílẹ̀-èdè Benin, ọmọ ilé ìwé tó wà ní Ìpinlẹ̀ tàbí ní Massè, ní kọmúùnù Adja-Ouèrè, lè má wulẹ̀ wọkọ̀ lọ wo orúkọ lára ògiri. Á ṣí eresultats.bj lórí fóònù, á tẹ nọ́ńbà rẹ̀ síbẹ̀, á sì máa retí. Ohun kan náà ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Pọbẹ̀, Kétu, Paràkú àti Kútọnu ń ṣe ní wákàtí yẹn gan-an. Ìkànnì tí ẹsẹ̀ kì í pọ̀ níbẹ̀ láti oṣù dé oṣù ni gbogbo ìlú wá ń rọ́ lù lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìjọba Benin ti kó ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọ́fíìsì lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọdún 2020 ni service-public.bj ṣí, lẹ́yìn tí àwọn onímọ̀ láti Estonia, ìyẹn e-Governance Academy àti ilé iṣẹ́ Cybernetica, bá wọn dá sí iṣẹ́ náà. ANIP, àjọ tó ń bójú tó ìdánimọ̀ àwọn ará ìlú, ń gba ìbéèrè fún ìwé ọjọ́ ìbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fún àgbẹ̀ tó ń gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ní agbègbè Oko-Akarè, owó ọkọ̀ lọ sí Àjàṣẹ́ kì í ṣe nǹkan kékeré, odindi ọjọ́ oko kan sì tún bá a lọ. Bí ìkànnì bá dákú lọ́jọ́ tó nílò rẹ̀, òun gan-an ni yóò fara gbá a. Nítorí náà, bí kóòdù tuntun ṣe ń kúrò lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́ títí tó fi dé orí ẹ̀rọ tó ń dá aráàlú lóhùn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn oníkọ̀ǹpútà nìkan.

Sọ́fítíwíà kì í dá rìn. Àwọn fáìlì kan wà tó gbára lé, bí ọ̀kan bá sì sọnù lójú ọ̀nà, ohun tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa níbì kan lè kọ̀ jálẹ̀ níbòmíràn. Láti ọdún 2013 tí Docker ti jáde ni àwọn oníṣẹ́ ti ń di gbogbo ẹrù náà sínú kọntéńà kan. Kireni tó wà ní èbúté Kútọnu kì í bèèrè bóyá ìrẹsì ló wà nínú kọntéńà tàbí táyà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ tó lè gbé kọntéńà sọ́fítíwíà kan ṣe lè gbé òmíràn.

Kubernetes ló sábà ń darí wọn. Google ló gbé e kalẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́dún 2014. Á so ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà pọ̀ di àgbájọ kan tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní cluster. Ẹni tó ni ìkànnì á ní òun fẹ́ ẹ̀dà 8; Kubernetes á wá àyè fún mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Bí kọ̀ǹpútà kan bá kú, á gbé ẹ̀dà tó wà lórí rẹ̀ dìde sórí òmíràn. Wọ́n sì lè pàṣẹ fún un tẹ́lẹ̀ pé bí èrò bá pọ̀, kó sọ 8 di 20.

Bó ṣe ń fi tuntun rọ́pò àtijọ́ ló wuni jù lọ. Bí ẹnikẹ́ni kò bá yí ètò rẹ̀ padà, kì í jẹ́ kí àwọn ẹ̀dà tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ju ìdámẹ́rin lọ. Nínú 8, ó kéré tán 6 á ṣì máa dá èèyàn lóhùn. Á bi ẹ̀dà tuntun léèrè bóyá ó ti ṣe tán. Bí kò bá dáhùn, kò ní darí ẹnikẹ́ni sọ́dọ̀ rẹ̀, ìpààrọ̀ náà á sì dúró. Àṣẹ kan ṣoṣo tó láti dá ohun gbogbo padà sí ti àná. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ kọ ìbéèrè bóyá ẹ̀dà ti ṣe tán sínú ètò, ẹgbẹ́ tí kò bá sì kọ ọ́ ń fi àwọn aráàlú wewu.

Ibi tó gba ìṣọ́ra jù ni ìsopọ̀ fúnra rẹ̀. Inú ilé ìpamọ́ bíi GitLab ni kóòdù ń gbé, cluster sì wà níbòmíràn. Fún ìgbà pípẹ́, ilé ìpamọ́ ni wọ́n máa ń fún ní kọ́kọ́rọ́ cluster, ó sì sábà máa ń jẹ́ èyí tó ṣí gbogbo yàrá. Ẹni tó bá fọ́ ilé ìpamọ́ ti gba gbogbo rẹ̀. Lóṣù November 2021, GitLab kéde pé àwọn ti ń fi ọ̀nà yẹn sílẹ̀.

Ètò kékeré kan tó ń gbé inú cluster ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, aṣojú ni ká pè é. Aṣojú yìí ló ń jáde lọ bèèrè lọ́wọ́ ilé ìpamọ́ bóyá iṣẹ́ tuntun ti dé, kò sì sí ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún ará ìta. Argo CD àti Flux náà ń gba irú ọ̀nà yìí. Wọ́n tún lè há aṣojú mọ́ yàrá kan ṣoṣo nínú cluster. Aṣojú tó ń bójú tó èsì ìdánwò kò gbọdọ̀ lè ka àkọsílẹ̀ ọjọ́ ìbí ẹnikẹ́ni.

Àìbìkítà níbí ti kó bá ilé iṣẹ́ ńlá rí. Ní February 2018, àwọn aṣèwádìí ilé iṣẹ́ RedLock rí i pé ojú ìdarí Kubernetes ti Tesla kò ní ọ̀rọ̀ aṣínà kankan. Àwọn ọ̀daràn ti wọlé, wọ́n ń fi ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ náà wa owó kírípítò, kọ́kọ́rọ́ àpamọ́ Tesla ní Amazon sì wà níbẹ̀ ní gbangba.

Ọ̀rọ̀ ibi tí cluster wà tún wà ńlẹ̀. Gúúsù Áfíríkà ni Microsoft (2019), Amazon (2020) àti Google (2024) kọ́ ibùdó ńlá wọn sí ní ìsàlẹ̀ Sàhárà. Ìbéèrè láti Adja-Ouèrè sí irú ibẹ̀ gbọ́dọ̀ gba abẹ́ òkun kọjá. Ní March 14, 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, SAT-3 àti ACE, bàjẹ́ nítòsí etíkun Côte d'Ivoire, Benin sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó fara kó o. Bí ẹ̀dà kan bá wà lórí ẹ̀rọ nínú Benin fúnra rẹ̀, ọmọ Ìpinlẹ̀ á ṣì rí èsì rẹ̀ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Òfin 2017-20 ti April 20, 2018, tó dá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti fi ààbò ìsọfúnni aráàlú sí ìkáwọ́ àjọ APDP. Kí ìwé àdéhùn gbogbo ìkànnì ìjọba náà sọ ibi tí cluster wà, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ àti yàrá tí kọ́kọ́rọ́ náà lè ṣí, kí kóòdù àkọ́kọ́ tó gbéra.